Ẹ Bi Wá: Láti Orí Bẹntiróòlù Bọ́ Sórí Gáàsì àti Sólà

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju àyè lọ. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò lóṣù karùn-ún 2023 ni ẹ ti ń bi wá ní ohun kan náà lónírúurú ọ̀nà: kí ni ká máa fi wa ọkọ̀, kí ni ká máa fi dáná, kí ni ká máa fi tan iná? A pa àwọn tó jọra pọ̀, a sì gé àwọn kan kúrú.

Mo ń fi Corolla ṣe kábùkábù láti Kubwa sí Wuse. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń yí ọkọ̀ wọn sí CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sìlíńdà fún ọkọ̀. Ẹnìkan ní òun á bá mi ṣe é lówó pọ́ọ́kú, pé sìlíńdà wà nílẹ̀. Ṣé kí n ṣe é? Ẹ̀rù ń bà mí kó má bú gbàmù. (Awakọ̀, Kubwa)

Ẹ ṣe é, àmọ́ kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni yẹn. "Sìlíńdà wà nílẹ̀" tó sọ yẹn gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Gáàsì inú sìlíńdà CNG ń ti ara irin náà pẹ̀lú agbára 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn bí gáàsì ṣe ń ti irin lágbára tó). Sìlíńdà gáàsì ìdáná, bí oòrùn bá tilẹ̀ ń pa á, kì í sábà kọjá 10 bar. Ẹni tó bá gbé sìlíńdà ìdáná sínú búùtù fún CNG, tàbí tó wẹ́ẹ̀dì irin mọ́ sìlíńdà tó ti gbó, bọ́ǹbù ló gbé sẹ́yìn àwọn èrò yín. Ọkọ̀ kan bú gbàmù nílé gáàsì ní Benin lóṣù kẹwàá 2024. Sìlíńdà tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì, tí kò sì yẹ fún CNG, ni àwọn aláṣẹ sọ pé ó fà á.

Kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ lápò, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí èjìká sìlíńdà náà. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé CNG ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ó rí 200 bar tó jẹ́ agbára iṣẹ́ rẹ̀, 300 bar tí wọ́n fi dán an wò, iye lítà omi tó ń gbà, nọ́ńbà tirẹ̀, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, àti ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti kun ọ̀dà bò ó débi pé ẹ ò rí nǹkan kan kà, ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ètò CNG ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pi-CNG ní àwọn ibi ìyípadà tó fọwọ́ sí. Ọ̀dọ̀ irú wọn ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí tí nọ́ńbà sìlíńdà wà lórí rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì yín ńkọ́? Gáàsì kì í wo ẹ́ńjìnnì sàn. Ọkọ̀ tó ti ń mu ọ́ìlì, tàbí tí iná "check engine" ti ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ tún un ṣe ná. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn kọ̀ǹpurẹ́ṣọ̀n (agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí àwọn yòókù, owó ìyípadà á kàn lọ lófo ni. Pulọ́ọ̀gì náà ṣe pàtàkì. Ó ṣòro fún iná pulọ́ọ̀gì láti ran gáàsì ju bẹntiróòlù lọ, nítorí náà ẹ ra tuntun, kí ẹ sì dín àlàfo ẹnu rẹ̀ kù sí bíi 0.7 sí 0.8 mm. Kọ́ìlì (ohun tó ń fún pulọ́ọ̀gì ní iná) tí kò lágbára mọ́, tó ṣì ń rọ́jú lórí bẹntiróòlù, orí gáàsì ni àṣírí rẹ̀ á ti tú: ọkọ̀ á máa gbọ̀n bó bá dúró níbi iná ojú títì, á sì máa já bí ẹ bá fẹ́ sá eré. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé "CNG ti ba ọkọ̀ mi jẹ́", kọ́ìlì ló ń bá jà.

Bí wọ́n bá ń so ó, ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ sì fojú sí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, bí sìlíńdà ṣe jókòó: okùn irin méjì ó kéré tán, bóòtù tó la ilẹ̀ búùtù já, pẹ̀lú àwo irin lábẹ́ tí nọ́ọ̀tì á fi dì í mú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi iná wẹ́ẹ̀dì kan sìlíńdà fúnra rẹ̀. Fáàfù orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tí afẹ́fẹ́ kì í gbà kọjá, pẹ̀lú róbà tó ń kó gáàsì tó bá jò gba abẹ́ ọkọ̀ jáde, kó má baà wọ ibi tí èrò jókòó sí. Èkejì ni páìpù. Irin tí kò ní ojú ìsopọ̀ lára ni, kì í ṣe kópà tí wọ́n fi léèdì lẹ̀. Kó jìnnà sí sáláńsà, kí wọ́n sì fi kílípù mú un mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì ó pẹ́ tán, kó má máa gbọ̀n.

Ẹ̀kẹta ni róbà omi tó lọ sí rẹgulétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń dín agbára gáàsì kù); òun ni wọ́n máa ń fi kánjúkánjú ṣe jù. Gáàsì tó ti 200 bar bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń tutù gan-an, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ya omi gbígbóná láti ara rédíétọ̀ gba inú rẹgulétọ̀ kọjá. Bí wọ́n bá so róbà omi náà sódì, tàbí tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, rẹgulétọ̀ á funfun bí ẹran inú fíríìsà, ọkọ̀ á sì kú lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì ń da omi ẹ̀rọ lásán sí rédíétọ̀ dípò kúláǹtì, ìpẹtà á dí ọ̀nà tóóró inú rẹgulétọ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi fóòmù ọṣẹ kun gbogbo oríkèé páìpù lójú yín.

Ní ti owó: scm, ìyẹn mítà kúbíìkì gáàsì, ni wọ́n fi ń ta CNG, bẹ́ẹ̀ ni pọ́ǹpù ṣe ń kọ ọ́. Scm kan ń ṣe iṣẹ́ bíi lítà bẹntiróòlù kan ó lé díẹ̀. Sìlíńdà 60 lítà ń gba bíi scm 15. Bí ọkọ̀ yín bá ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan, ìyẹn á gbé yín tó kìlómítà 150 sí 160. Ká wá fi owó àfojúbù ṣe é: bẹntiróòlù ₦900, gáàsì ₦400, ẹ sì ń jó lítà 15 lóòjọ́. Bẹntiróòlù á gba ₦13,500. Gáàsì, scm 14, á gba ₦5,600. Ẹ ti jèrè ₦7,900. Bí ìyípadà bá jẹ́ ₦1,200,000, ọjọ́ iṣẹ́ bíi 152 ló máa fi padà sápò. Ẹ fi owó ọjọ́ òní rọ́pò tiwa, kí ẹ sì yọ owó wákàtí tí ẹ fi ń tò fún gáàsì. Awakọ̀ tó ń tò wákàtí méjì lóòjọ́ ti fi èrè náà ṣòfò. Ìlà náà sì máa ń gùn ní Abuja, torí ọkọ̀ ńláńlá ni ó ń ru gáàsì wá láti apá gúúsù. Páìpù Ajaokuta sí Kaduna sí Kano, kìlómítà 614 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, ni à ń retí pé kó yí ìyẹn padà.

Ẹ má jẹ́ kí táńkì bẹntiróòlù gbẹ o. Pọ́ǹpù epo wà nínú táńkì, epo tó yí i ká ló ń tù ú lára. Ẹ jẹ́ kí ìdá mẹ́rin kan táńkì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ sì máa fi bẹntiróòlù wa kìlómítà díẹ̀ láràárọ̀ kí ínjẹ́kítọ̀ rẹ̀ má dí. Ẹ ó nílò rẹ̀ náà bí ẹ bá gbéra lọ Kaduna, torí sìlíńdà kan kò ní gbé yín débẹ̀.

Ṣé mo lè ra CNG kí n fi dáná nínú ilé? Ó wọ́n kéré ju gáàsì ìdáná lọ. (Lugbe)

Rárá. Sìlíńdà 200 bar kò ní nǹkan í ṣe nínú ilé ìdáná, ihò sítóòfù yín kò sì bá irú gáàsì náà mu.

Mo ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti dòdò ní Mararaba. Èédú ni mo ń fi dáná, igi ní ìgbà mìíràn. Èéfín ti ń ba ojú mi jẹ́. Ṣé gáàsì á wọ́n mi lówó? Sìlíńdà wo ni kí n rà? Wọ́n sì ń sọ pé àwọn onígáàsì máa ń rẹ́ni jẹ. (Olóúnjẹ, Mararaba)

Ìyá wa, ẹ wọn èédú yín ná. Ẹ gbé àpò kan sórí òṣùwọ̀n àwọn onírẹsì, kí ẹ mọ iye kílò tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì mọ ọjọ́ mélòó ló ń gbà yín. Kílò gáàsì kan ń ṣe iṣẹ́ kílò èédú mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí pé ọ̀pọ̀ ooru èédú afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Ti igi burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bíi kílò mẹ́wàá igi ló ń ṣe iṣẹ́ kílò gáàsì kan. Bí ẹ bá ń jó kílò èédú 12 lóòjọ́, ẹ fi owó gáàsì kílò mẹ́ta sí mẹ́rin wé e. Bí wọ́n bá súnmọ́ra, ẹ bọ́ sórí gáàsì, torí ojú àti àyà yín náà ní iye tí wọ́n tó. (Igi tí wọ́n ń sun di èédú líle tí gbogbo yín fẹ́ràn yẹn, ayan tí àwọn Haúsá ń pè ní kirya, kò hù kíákíá. Bó ṣe ń tán nígbó ni owó èédú á ṣe máa lọ sókè.)

Ẹ má ra sìlíńdà kékeré fún iṣẹ́ ńlá. Iná ńlá olórùka tí ẹ fi ń se ìkòkò ìrẹsì lè jó ju ìdajì kílò lọ ní wákàtí kan. Omi ni gáàsì inú sìlíńdà, ó ní láti hó di afẹ́fẹ́ kó tó jáde, híhó náà ló ń mú kí irin tutù. Bí ẹ bá fi kílò 6 ṣe irú iṣẹ́ yẹn, lẹ́yìn bíi wákàtí kan sìlíńdà á máa làágùn, á funfun nísàlẹ̀, iná á sì rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń dà á dùbúlẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e sínú omi gbígbóná. Ẹ má dán an wò láé: bó bá dùbúlẹ̀, omi gáàsì fúnra rẹ̀ ló máa wọ róbà lọ bá iná. Ẹ ra 12.5 kílò méjì tí wọ́n fi páìpù alápá méjì so pọ̀, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìtajà bá gbòòrò, ẹ bọ́ sórí 50 kílò.

Rẹgulétọ̀ sítóòfù inú ilé kò lè gbé iná olórùka. Ti alágbára ni kí ẹ rà, pẹ̀lú róbà tirẹ̀ tí wọ́n fi irin pa lórí láti ilé iṣẹ́, kì í ṣe róbà aláwọ̀ ọsàn lásán tí wọ́n fi kílípù dè. Ẹ yí róbà padà ní ọdún méjì-méjì, tàbí kí ó tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ rí i tó ń sán wẹ́wẹ́. Ẹ gbé sìlíńdà sí òde, lábẹ́ ibòji, ní ìgbésẹ̀ méjì sí iná ó kéré tán, kó má sì sún mọ́ gọ́tà. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn, inú gọ́tà ló sì ń lọ fara pamọ́ sí títí ẹnìkan á fi ṣá ìṣáná. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀ nínú ilé, ẹ pa fáàfù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ má fọwọ́ kan suwíìṣì iná kankan, ì báà ṣe láti tàn án tàbí láti pa á. Fáànù pàápàá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìrẹ́nijẹ, ẹ wo ọrùn sìlíńdà: wọ́n tẹ ìwọ̀n sìlíńdà òfìfo síbẹ̀, TW tàbí Tare ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ 14.3, 12.5 kílò tó kún gbọ́dọ̀ wọn 26.8. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lófìfo sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó rọ gáàsì, kí wọ́n sì tún gbé e lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìwọ̀n òfìfo bá ju TW lọ díẹ̀, àjẹkù gáàsì ló kù nínú rẹ̀. Tiyín ni, kí wọ́n má tún tà á fún yín. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n òun ti bàjẹ́, ìdáhùn yẹn náà ti tó.

Mo ní "I pass my neighbour" kan àti jẹnẹrétọ̀ 2.8 kVA ní ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní wọ́n lè so gáàsì mọ́ méjèèjì. (Onígbàjámọ̀, Gwagwalada)

Ti kékeré yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ máa ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Ọ́ìlì inú epo yẹn nìkan ló ń bọ́ ara ẹ́ńjìnnì náà. Gáàsì kò gbé ọ́ìlì kankan wá, á kàn gbóná ni, á gan, ó parí.

Ti 2.8 ṣeé ṣe. Rẹgulétọ̀ pàtàkì kan wà fún un, tí kì í ṣí àfi bí ẹ́ńjìnnì bá fà á; ẹ lè rí i pẹ̀lú ọ̀nà-ẹnu tí wọ́n ń fi sáàárín kabúrétọ̀ àti fíltà afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tan án, ẹ ti kọ́ọ̀kì bẹntiróòlù, ẹ jẹ́ kó jó epo inú kabúrétọ̀ tán kó kú fúnra rẹ̀, kí ẹ tó ṣí gáàsì. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí: epo méjì á pàdé, èéfín dúdú á máa yọ, wọ́n á ní gáàsì kò dára. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹgulétọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, kí ẹ sì fà á. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, gáàsì á bò ó, kò ní jó.

Àmọ́ ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu lórí owó. Lítà bẹntiróòlù kan dọ́gba pẹ̀lú bíi 0.7 kílò gáàsì ìdáná. Ẹ fi 0.7 lọ́po owó kílò gáàsì: bí kílò bá jẹ́ ₦1,100, ó jẹ́ ₦770. Ẹ fi ìyẹn wé owó lítà bẹntiróòlù ní Gwagwalada. Èrè náà kéré, àfi bí bẹntiróòlù bá wọ́n gan-an. Ẹ ó sì pàdánù bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára jẹnẹrétọ̀, nítorí náà bí ẹ bá ń fi 2.8 gbé ohun tó ti fẹ́ bọ́ lápá rẹ̀, gáàsì kò ní gbé e. Èrè rẹ̀ tòótọ́ ni pé kabúrétọ̀ kì í dí mọ́, ọ́ìlì sì máa ń pẹ́ kó tó dúdú. Èéfín tó ń pani nínú oorun ṣì wà ńbẹ̀: ìta ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, oní gáàsì tàbí oní bẹntiróòlù. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ń lo kílípà, gílóòbù àti fáànù kan, sólà kékeré ni a ó gbà yín níyànjú.

Ọkọ̀ àjàgbé dísù ni mo ní ní Sabon Gari, Kano. Ṣé ó lè lo CNG? (Onímọ́tò)

Kì í ṣe bíi ti kábùkábù. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pulọ́ọ̀gì, dísù fúnra rẹ̀ ló ń tan iná, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa mu díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Irú kítì tó ń lo méjèèjì pa pọ̀ ni ẹ ó wá, ó sì lè fi gáàsì rọ́pò bíi ìdajì dísù lójú ọ̀nà gbọọrọ. Ní gosiló, èrè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹ wo ibi tí gáàsì wà lójú ọ̀nà tí ẹ ń ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ra sólà lóṣù kẹrin: páánẹ́ẹ̀lì 550 watt mẹ́ta, ìnfátà 3 kVA, bátìrì lítíọ̀mù 24 volt 100 Ah. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di oṣù kejìlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó kàn dákẹ́, kò gba iná oòrùn mọ́. Ẹni tó so ó ní ààrá ló sán pa á. (Zaria)

Ààrá wo ló ń sán nínú ọyẹ́? Ẹ yí ẹ̀yìn páánẹ́ẹ̀lì kan padà, kí ẹ ka ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Voc sí, ìyẹn volt tó ń mú jáde nígbà tí nǹkan kan kò tíì fa iná lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye volt oòrùn tí ìnfátà lè gbà jù sí lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìnfátà 3 kVA kò gbà ju 145 lọ.

Ká ní Voc páánẹ́ẹ̀lì yín jẹ́ 48. Bí ẹni náà bá so mẹ́ta léraléra bí ìlẹ̀kẹ̀, ó jẹ́ 144. Lójú rẹ̀, ó wọlé. Àmọ́ ìgbà tí ara páánẹ́ẹ̀lì bá wà ní 25°C ni 48 yẹn. Bí ó bá gbóná, volt á lọ sílẹ̀. Bí ó bá tutù, á gòkè, bíi 0.27% fún ìwọ̀n kan ṣoṣo. Lóṣù kẹrin ní Zaria, páánẹ́ẹ̀lì tó gbóná dé 60°C ń fún yín ní bíi 130, ìnfátà ń gbádùn. Láàárọ̀ ọyẹ́, páánẹ́ẹ̀lì ti sùn nínú òtútù 12°C mọ́jú. Oòrùn yọ, volt gòkè dé bíi 149 lójijì kí nǹkan kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná. Apá tó ń gba iná oòrùn nínú ìnfátà jóná láàárín ìṣẹ́jú. Kò sí ààrá, ìṣirò ni kò ṣe.

Bí wọ́n bá tún apá yẹn ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a padà bó ṣe wà. Ẹ ra páánẹ́ẹ̀lì kẹrin tó jọ tàwọn yòókù, kí wọ́n so méjì-méjì léraléra, kí wọ́n wá so ọ̀wọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: 96 volt, kò sí ọyẹ́ tó lè gbé e dé 145. Ẹ kọ́kọ́ wo iye watt àti ampere oòrùn tí ìnfátà náà gbà. Bí mẹ́rin bá pọ̀ jù fún un, méjì péré ni kí ẹ lò, kí ẹ tọ́jú ẹ̀kẹta. Wáyà láti orí òrùlé kó má kéré sí 6 mm², kí bíríkà tirẹ̀ sì jẹ́ ti DC (irú iná tó ń ti páánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì wá). Bíríkà inú ilé lásán kì í lè gé iná DC bó bá ń ta páná.

Bátìrì yín gba bíi 2.5 kWh. Fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù mẹ́fà láti alẹ́ di òwúrọ̀ á rọrùn fún un. Pọ́ǹpù omi 1 HP yàtọ̀: bíi 750 watt ni agbára iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ bó bá fẹ́ gbéra, á fà tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ máa tan án, kí oòrùn bá bátìrì gbé e, kí fíríìjì sì wà ní pípa.

Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Ẹ máa fọ páánẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ méjì-méjì láti oṣù kọkànlá títí òjò á fi dé, ní ìdájí kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú omi lásán àti aṣọ rírọ̀. Ẹ má fi ọṣẹ oníyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ má sì da omi tútù sí i lọ́sàn-án gangan, gíláàsì rẹ̀ lè sán.

Mo ń sin ẹlẹ́dẹ̀ 20 ní Bukuru. Ṣé mo lè fi ìgbẹ́ wọn dáná? (Bukuru)

Ẹ lè ṣe é, ó sì bá irú oko yín mu ju ohun mìíràn lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ ńlá 20 á fún yín ní bíi kílò 40 ìgbẹ́ lóòjọ́, èyí tó lè mú bíi mítà kúbíìkì 2 gáàsì wá. Ìdáná ẹni mẹ́fà nìyẹn. Ẹ fi omi lítà 40 pò ó, ó di 80 lítà lóòjọ́. Ohun tí ẹ bá dà sí i gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú kòtò tó ogójì ọjọ́. Nínú òtútù Jos, ẹ sọ ọ́ di àádọ́ta. Ìyẹn jẹ́ 4,000 lítà, ẹ wá fi àyè gáàsì kún un: kòtò 5,000 lítà ni ẹ nílò. Ẹ gbẹ́ ẹ sínú ilẹ̀, kí ẹ sì da ọ̀rá dúdú bò ó lóṣù kejìlá àti oṣù kìíní, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe iṣẹ́ náà kì í fẹ́ òtútù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ inú màlúù láti odò ẹran, garawa mẹ́wàá, kí àwọn kòkòrò náà lè ti wà níbẹ̀. Gáàsì àkọ́kọ́ tó bá jáde kò ní jó. Ẹ tú u dànù, kí ẹ má sọ pé ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ dán an wò lẹ́nu sítóòfù, kì í ṣe lẹ́nu kòtò. Ihò sítóòfù gáàsì ìdáná kéré jù fún un, nítorí bíi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀ nìkan ló lè jó. Ẹ ní kí wọ́n lu ihò náà tóbi sí i, díẹ̀díẹ̀, títí iná á fi dúró tí kò ní máa fò kúrò lórí bọ́nà.

Ohun tó ń ba irú kòtò yìí jẹ́ jù ni Izal. Ẹ ń fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, omi fífọ̀ náà ń ṣàn wọ inú kòtò, ó sì ń pa àwọn kòkòrò yẹn. Ẹ ya ọ̀nà omi oògùn sọ́tọ̀, kí ẹ má sì kó ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń gba abẹ́rẹ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí kòtò bá ń rùn kíkan tí gáàsì sì ń dínkù, ẹ ti bọ́ ọ yó jù: ẹ má da nǹkan kan sí i fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ bu eérú díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì. Bí iná bá sì ń ṣẹ́jú pákápáká, omi ló dúró sínú róbà gáàsì. Ẹ wá ibi tó rẹlẹ̀ jù lára rẹ̀, kí ẹ fi kọ́ọ̀kì síbẹ̀, kí ẹ máa tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.